Ìrìn-àjò Ọlọ́jọ́ Mẹ́wàá sí Kétu: Bí A Ṣe Lè Lọ Ṣọ̀wẹ̀ Nílẹ̀ Òkèèrè Láì Jẹ Gbèsè

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwa ọmọ 1979 sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Mo wò yín, mo rí i pé orí ti funfun, ikùn ti yọ. Àwa tí a máa ń fo ògiri lọ ra àkàrà lálẹ́ nígbà kan, a ti ń di àga mú kí a tó dìde. A dúpẹ́ pé a ṣì ń dìde.

Nígbà tí akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, mo bi í pé lórí kí ni. Ó ní, "Lórí Kétu ni, Sístà. Ẹ sọ gbogbo ẹ̀, èyí tó dùn àti èyí tí kò dùn." Mo ní ó dáa. Èyí tí kò dùn ni mo máa kọ́kọ́ sọ.

Ẹ ó rántí ìrìn-àjò Lọ́ńdọ̀nù tí a lọ ní 2019, nígbà tó pé ogójì ọdún tí a jáde. Àwa mọ́kànlá la lọ. A ya fọ́tò níwájú ààfin Ọbabìnrin, a ra ṣokoléètì, a padà wálé. Ó dára, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa, tí èmi àti ẹ̀ jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní Fọ́ọ̀mù Tíríì, kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé ara òun kò yá, òun kò ní lè lọ. A gbàdúrà fún un. A fi káàdì ránṣẹ́ sí i, gbogbo wa fọwọ́ sí i. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ló tó jẹ́wọ́ fún mi pé kò sí nǹkan kan tó ṣe òun. Tíṣà ni, ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ̀yìn tì ní 2018, gírátúítì rẹ̀ kò jáde. Owó físà nìkan ju ohun tó ń gbà lóṣù lọ. Ojú ń tì í láti sọ ọ́ fún àwa tí a jọ jẹ ẹ̀bà nínú abọ́ kan, ló bá kúkú pe ara rẹ̀ ní aláìsàn.

Ó ti fún mi láyè kí n sọ ọ́. Ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Ẹ má wo ẹ̀yìn o.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Mo rò ó pé ẹgbẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ ní láti purọ́ àìsàn nítorí owó ìgbádùn rẹ̀, kí la tún ń pè é ní ẹgbẹ́ sí? Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí wá irú ìrìn-àjò tí èèyàn lè lọ sílẹ̀ òkèèrè, tí kò ní jẹ́ ìnáwó ọlọ́lá, tí a ó sì rí nǹkan gidi ṣe níbẹ̀. Àwa ọlọ́gọ́ta ọdún yìí, iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ìsinmi ti fẹ́ máa sú àwọn mìíràn.

Ọmọ mi tó wà ní Houston ló sọ fún mi pé àwọn èèyàn máa ń fi ìsinmi wọn lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nílẹ̀ ibòmíì. Mo ní iṣẹ́ àwọn òyìnbó tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tí mo wádìí rẹ̀, mo rí i pé ó ti pẹ́, kì í sì í ṣe ọwọ́ tó dilẹ̀ ló bí i. Ní 1920, lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, ọmọ Switzerland kan tó ń jẹ́ Pierre Cérésole kó àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè mélòó kan lọ sí abúlé kan nítòsí Verdun ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ń tún ohun tí ogun bàjẹ́ ṣe. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Service Civil International ti ṣẹ̀. Ní 1971, obìnrin kan ní Ìlú Ọba, Sue Coppard, dá èyí tí wọ́n ń pè ní WWOOF sílẹ̀: o bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ lóko, àgbẹ̀ fún ọ lóúnjẹ àti ibùsùn, kò sẹ́ni tó ń san owó fún ẹnì kejì. Nítòsí wa níhìn-ín, Ghana ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní VOLU láti 1956, kí wọ́n tó gba òmìnira pàápàá.

Àwa náà ńkọ́? Ṣebí ọ̀wẹ̀ ni. Bàbá mi bẹ ọ̀wẹ̀ nígbà tó ń kọ́ ilé, gbogbo àdúgbò ló jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀wẹ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé mo máa padà sí i. Lójú mi, ẹni tí kò bá mọ bí ọ̀wẹ̀ ṣe ń rí, kó má wulẹ̀ lọ síbì kankan.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń ta irú ìrìn-àjò yìí bí ẹni ta bùrẹ́dì. Wọ́n á ní kí o san owó ńlá fún ọ̀sẹ̀ méjì, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú kò sí nínú ẹ̀ o. Tí o bá béèrè pé èló nínú owó yìí ló ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí fi àwòrán hàn ọ́. Èyí tó tilẹ̀ burú jù ni ti ilé ọmọ aláìlóbìí. Níbòmíràn, nítorí pé àlejò ń sanwó láti wá bá ọmọ ṣeré, wọ́n ń kó ọmọ tó ní òbí láàyè sínú ilé náà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pàápàá sọ̀rọ̀ sí i nínú ìpinnu tí wọ́n ṣe lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ní Oṣù Kejìlá 2019. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan nínú kọmití wa ní kí a lọ sí ilé ọmọ aláìlóbìí fún ọjọ́ mẹ́wàá, mo ní rárá. Ọmọ tí o bá gbé mọ́ra lónìí tí o sì fi sílẹ̀ lọ́la, kí lo ṣe fún un?

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ Kétu? Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì ìtàn yóò rántí ọjọ́ tí tíṣà wa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sójú pátákó tó sì ní, "Òyìnbó fa ìlà báyìí, ó pín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò." Àdéhùn 1889 láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ fúnra rẹ̀, kọ odidi ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà, ó jáde ní 1976. Kétu yìí kan náà ni ogun Dahomey fọ́ ní 1886, tí wọ́n sì tún padà kọ́. Ẹnubodè àtijọ́ wọn, Àkàbà Ìdènà, wà níbẹ̀ títí dòní. Ibẹ̀ ni wọ́n ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, èyí tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Ní Bahia ní Bùràsíìlì, àwọn ọlọ́rìṣà ṣì ń jẹ́ orúkọ Kétu. Àwa tó jẹ́ pé ọkọ̀ lásán ló máa gbé wa débẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì tẹ ibẹ̀ rí. Mo ti dé Dubai lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé Kétu. Ó dùn mí.

Ẹ wá wo ìrọ̀rùn tó wà ńbẹ̀. Kò sí físà. Ní 29 Oṣù Karùn-ún 1979, ìgbà tí àwa ń kọ WASC lọ́wọ́, ni àwọn olórí ECOWAS fọwọ́ sí ìwé pé ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì, kó lo 90 ọjọ́ láì gba físà. Burkina Faso, Mali àti Niger ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní Oṣù Kìíní 2025, ṣùgbọ́n Benin, Togo àti Ghana kò jáde. Aago wọn ní Benin kò yàtọ̀ sí tiwa. Èdè wọn, Yorùbá ni. Ní ọ́fíìsì, Faransé ni, Faransé tí àwa mẹ́jọ mọ̀ kò sì ju bọ́ńjù lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jà, nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, a ń sọ tiwa, wọ́n ń sọ tiwọn, a ń gbọ́ra. Ibi tí àwa ti ń ki Gẹ̀ẹ́sì bọ ọ̀rọ̀, Faransé ni àwọn ń kì bọ̀ ọ́. A rẹ́rìn-ín ara wa títí.

A kò kàn dìde lọ o. Obìnrin kan wà tó ń ta aṣọ lọ́jà wa, ọmọ Kétu ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe tíṣà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbẹ̀. Òun ló mú wa mọ ọ̀gá ilé-ìwé náà. A kọ lẹ́tà, ní Yorùbá àti ní Faransé tí a ní kí ẹnì kan bá wa kọ. Oṣù márùn-ún gbáko la fi kọ̀wé síra wa. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ọ̀gá náà kọ padà kúrú, mo ti há a sórí: kí lẹ lè ṣe, ọjọ́ mélòó lẹ fẹ́ lò, ta ló máa bọ́ yín? Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn láti ọjọ́ náà. Ẹ rí i, ìbéèrè mẹ́ta yẹn ni gbogbo ètò. Ẹni tí kò bá lè dá a lóhùn, kó jókòó sílé rẹ̀.

Ó ní ohun tí òun fẹ́ ni ẹni tí yóò bá àwọn ọmọ sọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n sì ń ṣe ìdánwò rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹni bá sọ ọ́. Oṣù Kẹjọ sì ni ìsinmi ńlá wọn. Ilé-ìwé ṣófo, òjò máa ń dá díẹ̀ lásìkò náà, ọ̀nà kò burú. A fi í sí Oṣù Kẹjọ 2024.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó wàyí, torí ibẹ̀ la ti kọsẹ̀. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2023 la bẹ̀rẹ̀ àjọ. Olúkúlùkù ń dá iye kan lóṣooṣù, akápò ń fi í sí báńkì ní náírà. A fẹ́ lo ọjọ́ 14, kálukú pẹ̀lú yàrá tirẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà láàárín ìgbà yẹn. Ìgbà tí a gbé owó wa lọ ra séfà ní Oṣù Keje, owó tí a rò pé ó máa gbé wa fún ọjọ́ 14 kò lè gbé wa ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ. Akápò jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Kò jẹ kọ́bọ̀ níbẹ̀ o. Àwa la gọ̀. Séfà dúró ṣinṣin lára owó Yúróòpù, 655.957 ni yúrò kan láti 1999, kì í yẹ̀. Owó tiwa ló ń rìn. Ẹni tó bá fẹ́ ná séfà, séfà ni kó máa rà, díẹ̀díẹ̀, lóṣooṣù. Ọmọ ọjà tó ń ta ata ní bọ́dà mọ èyí. Àwa tí a lọ sí Yunifásítì kò mọ̀ ọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí báyìí, ni ọ̀rẹ́ mi tíṣà tún pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yìn ló ń dùn mí láti àná." Mo mọ irú ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Mo ní, "Ẹ̀yìn rẹ kò ní dùn ọ́ lẹ́ẹ̀kejì."

Ọ̀kan nínú wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, tó fẹ́ bá wa lọ, ní òun máa san ti ọkùnrin náà. Ó fi inú kan sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e débẹ̀, ọkùnrin náà ní, "Èmi kì í ṣe ọmọ àjèjì tí wọ́n ń sanwó ilé-ìwé fún." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí a wá ṣe nìyí, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ẹnikẹ́ni kò san fún ẹnikẹ́ni. Àpò kan wà lọ́wọ́ akápò, ẹni tó bá ní jù ń sọ sínú rẹ̀, akápò nìkan ló mọ ẹni tó sọ èló. Nínú àpò yẹn la ti yọ lára owó ọkọ̀ gbogbo wa. Ohun tó kù tí kálukú máa san dín kù, ó sì dọ́gba fún gbogbo wa, láti orí obìnrin Lọ́ńdọ̀nù dórí tíṣà. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹnì kan lọ́pẹ́. A gé ọjọ́ 14 sí mẹ́wàá, a sì ń sùn ní méjì-méjì nínú yàrá bí ìgbà tí a wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá mi sùn ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo fara dà á.

Ó wá kù séfà 96,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Yàrá jẹ́ 8,000 lóru, ẹni méjì pín in, òru mẹ́sàn-án: 36,000. Oúnjẹ 2,500 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́wàá: 25,000. Ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, lẹ́yìn tí àpò ti gbé tirẹ̀: 20,000. Ohun tí a jọ fún ilé-ìwé: 15,000. Ó jẹ́ bíi yúrò 146. Ẹ pín in sí oṣù 12, séfà 8,000 lóṣooṣù ni. Yàtọ̀ sí èyí, kálukú fi 10,000 sọ́wọ́ akápò fún àìsàn tàbí ọ̀ràn òjijì. A kò ná an, a sì gbà á padà ní pípé. Ẹ má ṣe lọ síbì kankan láì ní irú owó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé: ẹ tètè wo pásípọ́ọ̀tù yín. Ti ọ̀kan nínú wa ti kú láti ọdún tó kọjá, kò mọ̀, inú dúrọ́ọ̀ ló wà. Pásípọ́ọ̀tù olójú-ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún di 100,000 náírà láti Oṣù Kẹsàn-án 2025, kì í ṣe owó kékeré mọ́. Fún ẹni tí kò ní nǹkan ṣe ju agbègbè wa yìí lọ, ìwé ìrìnnà ECOWAS wà, ó tó lò. Ìkejì ni yẹ́lò káàdì, ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ náà gan-an, ẹ má ra ìwé lásán. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ń bẹ̀ yín. Ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ gbà á kí ìwé náà tó lágbára. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan téèyàn bá gbà á ti tó fún ayé rẹ̀, ẹni tó bá ní kí ẹ máa sanwó tún un gbà lọ́dún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ti àtijọ́ ló ń sọ. Ti obìnrin Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀, torí pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló mú dání. Ó ní láti gba físà Benin lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

A gba Ìdìròkọ́ bọ́ sí Ìgòló, a bá Pobè dé Kétu. Awakọ̀ kan ní kí a jẹ́ kí òun gbé wa gba ọ̀nà inú igbó lẹ́yìn Ìmẹ̀kọ, pé ó yá jù. Àwọn mìíràn fẹ́ gbà. Mo ní mi ò lọ. Tí wọn kò bá lu òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ nígbà tí o wọlé, báwo lo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ara rẹ nígbà tí o bá ń jáde? A tò bí ọmọ ilé-ìwé, wọ́n lu òǹtẹ̀, ó parí.

Ẹ kó oògùn yín dání, kó ju ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò lọ, ẹ sì kọ orúkọ oògùn náà gan-an sílẹ̀, kì í ṣe orúkọ tó wà lára páálí nìkan. Páálí ti ibẹ̀, Faransé ni. Ọ̀kan nínú wa gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sílé, ìwé tó kọ orúkọ rẹ̀ sí ló yọ ọ́.

Ó wá di ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Mo ti ní kí ẹ fi ọ̀wẹ̀ sọ́kàn. Tí wọ́n bá bẹ̀ ọ́ lọ́wẹ̀, ṣé ìwọ lo ń yan iṣẹ́? Oko ẹni tó bẹ̀ ọ́ ni, òun ló máa ní ibí yìí ni kí o ro. Àwa gbàgbé ìyẹn. Yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní kí a wá kọ́ wọn, a pinnu lọ́kàn ara wa pé a máa kun kíláàsì méjì. A ti ra búrọ́ọ̀ṣì láti ilé. A tún di àpò aṣọ òkúùgbẹ́ méjì dání, ẹnikẹ́ni kò béèrè ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a wọ aṣọ iṣẹ́, a ń ya fọ́tò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó kí wa dáadáa. Ó ní, "Ẹ̀yin màmá, ẹ̀yin bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú o. Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn yìí ni èmi ń ṣe jẹun. Ṣé òun náà lẹ fẹ́ bá wa ṣe lọ́fẹ̀ẹ́?"

Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Mo wo búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ mi, ó dà bí ohun tí mo jí.

Ọ̀rẹ́ mi tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, èló lo máa gbà?" Nínú owó tí a mú wá fún ilé-ìwé la ti san án. Àwa la bá a pọn omi, la bá a gbé àkàbà. Ọjọ́ méjì ló fi parí rẹ̀, ó sì dára ju èyí tí àwa ì bá ṣe lọ lọ́nà jíjìn. Ọ̀kan nínú wa, tó ti jẹ́ ọ̀gá ńlá níṣẹ́ ọba, kọ ojú kún un títí di ọ̀sán pé òun kò rin ìrìn-àjò wá láti jẹ́ alágbàṣe kunlékunlé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òun ló di àkàbà mú jù.

Èmi náà gba ẹ̀kọ́ tèmi. Mo gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n-ẹ̀jẹ̀ ríru dání, mo fẹ́ jókòó sábẹ́ igi kí n máa wọn ẹ̀jẹ̀ gbogbo ará ọjà. Ọdún 34 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, mo rò pé ó tó. Obìnrin tó ń bójú tó ilé ìlera wọn bi mí pé, "Tí ẹ bá rí ẹni tí tirẹ̀ ga, tí ẹ sì lọ lọ́jọ́ kẹwàá, ta ló ń tọ́jú rẹ̀?" Òótọ́ ni. Ìwé-àṣẹ mi kò bá mi kọjá bọ́dà. Ilé ìlera rẹ̀ ni mo lọ jókòó sí, òun lọ̀gá, èmi ń wọn, òun ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé tirẹ̀, kó lè máa rí wọn lẹ́yìn tí mo bá lọ.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò náà dá wàhálà kékeré sílẹ̀. Ẹnì kan nínú wa gbé àwòrán ọmọ kan tí kò wọ bàtà sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Àwòrán náà rìn, ó dé ọwọ́ ìyá ọmọ. Ìyá náà wá. Ó ní ọmọ òun ní bàtà, bọ́ọ̀lù ló ń gbá. A tọrọ àforíjì. Láti ọjọ́ náà, kò sí fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ láì gba àṣẹ òbí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó dùn. Ọmọ 23 ló wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ fún Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, wọ́n ti di 41, a ń jókòó síta. Àwa tó kù ń kọ́ wọn bí ìwé ṣe wí. Ọ̀rẹ́ mi kò ṣí ìwé kankan. Ó ní kí wọ́n jẹ́ ọlọ́jà, kí òun jẹ́ àlejò láti Lọ́ńdọ̀nù tí kò gbọ́ Yorùbá tí kò gbọ́ Faransé, kí wọ́n ta ọjà fún òun. Ẹ ò rí i bí àwọn ọmọ náà ṣe ń ná ọjà ní Gẹ̀ẹ́sì! Ọmọbìnrin kan tí kò tíì lanu láti ọjọ́ mẹ́ta ta ẹ̀pà fún un ní ìlọ́po mẹ́ta owó rẹ̀, ó sì kọ̀ láti dín in. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Mo wo ojú ọkùnrin náà. Láti 2018 tó ti fẹ̀yìn tì, mi ò rí ojú yẹn mọ́.

Obìnrin Lọ́ńdọ̀nù wa lọ bá a níwájú gbogbo ènìyàn. Ó ní, "Bùọ̀dá, kọ́ mi bí o ṣe ṣe é." Àwọn méjèèjì ló jọ kọ́ kíláàsì ìkẹyìn. Gbólóhùn yẹn ló parí ìjà wọn.

Òru tó kẹ́yìn, Àjàṣẹ́, tí Faransé ń pè ní Porto-Novo, la sùn. A lọ wo Songhaï, oko àti ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Èyí tó tọ́ láti wò ni o. Wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹran ṣe gáàsì ìdáná, ẹja, adìyẹ àti ewébẹ̀ ń bọ́ ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ oko nínú wa, kó béèrè lọ́wọ́ mi, ìyẹn lè jẹ́ ìrìn-àjò ọ̀tọ̀.

Àṣìṣe wa ṣì pọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá kéré. Kì í ṣe ohun tó máa yí ayé ẹnikẹ́ni padà, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ìwé náà ti kọ lẹ́tà. Ó ní kí a padà wá ní Oṣù Kẹjọ tó ń bọ̀, kí a mú tíṣà Gẹ̀ẹ́sì méjì sí i àti ẹnì kan tó mọ kọ̀ǹpútà tún ṣe, pé kí a má mú aṣọ òkúùgbẹ́ wá. Òun ló bẹ ọ̀wẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, òun ló sì yan iṣẹ́.

Ẹni méjìlá la lè gbà, kò sí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí yàrá. Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹni tí ara rẹ̀ bá gbé e nínú yín, àyè méjì wà fún yín, ẹ kò san owó ọkọ̀. Àjọ ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí, ní séfà, akápò ti gba bẹ́ẹ̀, kò fẹ́ sunkún mọ́. Bébà ìforúkọsílẹ̀ wà lórí tábìlì ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣìnkáfíìnì. Àpò náà wà níbẹ̀, akápò nìkan ló ń wo inú rẹ̀.

Orúkọ kan ti wà lórí bébà náà kí n tó dìde sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi tíṣà ni. Ó ti san ti oṣù àkọ́kọ́, ó sì ní kí n sọ fún yín pé òun ló ni ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Alága ń wo aago.